Ìtọ́jú Ajá Tí Ó Ti Darúgbó

Ọ̀rọ̀ ajá ni ọ̀rọ̀ òní. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ajá tí tọmọdé tàgbà ń gbé jó, bí kò ṣe ti ajá tí ó ti pẹ́ nínú ilé, tí irun ẹnu rẹ̀ ti ń funfun, tí kì í tètè dìde mọ́ nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí a mú ajá kan wálé kò ní í tíì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ajá náà tó di arúgbó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ajá ni ó ń ṣọ́ àgbàlá ní òru. Òun ni ó ń gbó mọ́ olè títí olè yóò fi pẹ̀yìn dà. Bí ó bá sì jẹ́ ajá ọdẹ, òun ni ó ń wọ inú igbó tí olówó rẹ̀ kò lè wọ̀, tí ó ń lé ẹran jáde sí iwájú ìbọn. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá ti dínkù, ọ̀rọ̀ a yí padà. Wọn a ní ó ti di ọ̀lẹ, wọn a ní oúnjẹ lásán ni ó ń jẹ. Àwọn kan a tú u sílẹ̀ sí ìgboro kí ó máa wá ohun tí yóò jẹ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn a tà á fún àwọn tí ń ra ajá fún jíjẹ. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ajá kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó bí ti fọ́n ká sí ilé onílé láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ oṣù méjì sí mẹ́ta; olówó rẹ̀ nìkan ni ó ní.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olówó ajá mọ̀: ogbó kì í ṣe àrùn. Ogbó a máa sọ irun di funfun, a sì máa mú ìrìn falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú ajá ké nígbà tí a bá fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Kì í mú un kọ oúnjẹ. Kì í sì í mú un mu omi bí ẹni tí ó ti ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àìsàn kan ni ó wà níbẹ̀ tí ó ní orúkọ, púpọ̀ nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni dókítà ẹran sì lè wò sàn, tàbí kí ó mú un rọlẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo náà, "ogbó ni," ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá tí ọjọ́ ikú wọn kò tíì pé.

Nígbà wo ni a tó lè pe ajá ní arúgbó? Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ọdún kan ajá jẹ́ ọdún méje ènìyàn, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò péye. Ajá tí ó bá pé ọdún kan ti kúrò ní ọmọdé. Ó tó ẹni ọdún 15 nínú ènìyàn. Nígbà tí ó bá pé ọdún méjì, ó tó ẹni ọdún 24. Láti ìgbà náà lọ, ọdún kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a máa tó bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ènìyàn. Ìtóbi ajá náà tún ní ohun tí ó ń ṣe sí i. Àwọn ajá ńlá bíi Boerboel tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá, tàbí Rottweiler ti ilẹ̀ Jámánì, a máa wọ ọjọ́ ogbó láti bí ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ajá ìbílẹ̀ wa, Bingo tí gbogbo ayé mọ̀, tí ara rẹ̀ fúyẹ́, a máa tó bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kí ogbó tó hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó kó owó gọbọi sílẹ̀ ra ajá ńlá ni ogbó ajá yóò kọ́kọ́ kàn ní ẹnu ọ̀nà. Ó sàn kí ó mọ èyí ní ọjọ́ tí ó ń san owó náà.

Ẹsẹ̀ ni ogbó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, àárọ̀ kùtùkùtù ni a sì ti lè rí i. Ajá tí làkúrègbé ti wọ oríkèé rẹ̀ a kọ́kọ́ gbé iwájú dìde, a dúró díẹ̀, kí ó tó fa ẹ̀yìn sókè. Lẹ́yìn tí ó bá ti yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Òtútù ọyẹ́ a máa mú kí ọ̀ràn náà le sí i. Ajá kì í sábà ké nítorí ìrora tí ó wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀. Yóò kàn jáwọ́ nínú fífò sókè, yóò jáwọ́ nínú gígun àtẹ̀gùn, yóò sì máa lá ojú oríkèé kan náà ṣáá. Àwọn tí ń bá a gbé a rò pé ìwà rẹ̀ ni ó yí padà.

Ohun tí ó ń mú irú ajá bẹ́ẹ̀ lára dá kò wọ́n. Kí á má ṣe jẹ́ kí ó máa sùn lórí simẹ́ńtì lásán. Ẹní àtijọ́ tàbí àpò tí ó nípọn, ní ibi tí afẹ́fẹ́ tútù àti òjò kò ti ní í bá a, yóò gbà á lọ́wọ́ òtútù, yóò sì gbà á lọ́wọ́ egbò tí ń yọ ní ìgunpá ajá tí ó ń fi egungun sùn lórí ilẹ̀ líle. Kí á gé èékánná rẹ̀, nítorí ajá tí kì í rìn púpọ̀ mọ́ kì í fi ilẹ̀ pa èékánná rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá gùn jù, wọn a ká wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀. Kí á má sì ṣe so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí pé ó ti darúgbó. Ìrìn kúkúrú ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò mú, ni ó ń mú kí oríkèé rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì sanra jù, kí á dín ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀ kù, nítorí gbogbo ọ̀rá tí ó wà lára rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún náà ń gbé kiri. Bí a bá fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ajá, ó yẹ kí ọwọ́ wa lè ka egungun ìhà rẹ̀ láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ yọ síta tí ẹni tí ó ń kọjá lọ ní títì yóò máa kà á.

Níbí ni ó ti yẹ kí á ṣe ìkìlọ̀ kan tí ó le. Oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò kì í ṣe oògùn ajá. Ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn, lè dá egbò sí ajá ní ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, àní bí ìwọ̀n tí a fún un bá tilẹ̀ kéré. Àánú ni ó ń sún àwọn tí ń ṣe é, ṣùgbọ́n ajá náà yóò kú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Oògùn làkúrègbé tí a ṣe fún ajá wà lọ́wọ́ dókítà ẹran, òun ni ó sì mọ iye tí yóò fún un.

Láti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí á lọ sí etí àti ojú. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà dára fún ènìyàn tí ó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n nípa ajá arúgbó, ó ń ṣini lọ́nà. Ajá tí a pè tí kò dáhùn lè má jẹ́ alágídí rárá. Etí rẹ̀ ni ó ti di. Kí á má ṣe lù ú. Kí á má sì ṣe yọ́ lọ fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn nígbà tí ó ń sùn, nítorí ìjayà lè mú un bu ènìyàn ṣán, àwọn ọmọdé ni irú èyí sì sábà máa ń bá. Kí á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀. Ajá tètè ń kọ́ àmì ọwọ́. Èyí tí ó bá ti mọ àmì kí etí rẹ̀ tó di kò ní í pàdánù ohun púpọ̀. Ní ti ojú, ẹyin ojú ajá arúgbó a máa ní àwọ̀ bí èéfín, èyí nìkan kì í sì í dí i lọ́wọ́ láti ríran. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ, bí ó bá pọ́n, tàbí bí ajá bá ń kọlu àga tí a ṣí nípò, ó di ọ̀rọ̀ dókítà. Ajá tí kò ríran mọ́ lè máa gbé ilé ní ìrọ̀rùn bí a kò bá ń ṣí ẹrù kiri, nítorí imú rẹ̀ ṣì mọ gbogbo igun ilé.

Ehín 42 ni ajá tí ó dàgbà ní. Bí ìdọ̀tí líle bá bò wọ́n, tí èrìgì wú, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn débi pé a ń yà fún un, ìrora ni ó ń bá jẹun. Irú ajá bẹ́ẹ̀ a gbé oúnjẹ sẹ́nu, a sì tún jù ú sílẹ̀. Kí dókítà yọ ehín tí ó bàjẹ́, kí oúnjẹ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ̀bà tàbí àmàlà àjẹkù lásán kò tó o, nítorí iṣan ara ajá arúgbó a máa yára joro bí kò bá rí ẹran jẹ tó. Ẹ̀kọ tí a pò mọ́ ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè, tàbí ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, yóò ṣe é ní àǹfààní. Kí á pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kí á má ṣe fún un ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí ó ń ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ nínú ìfun. Ọbẹ̀ tí ó kún fún àlùbọ́sà kò dára fún un pẹ̀lú, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ẹ kíyè sí abọ́ omi rẹ̀ ju abọ́ oúnjẹ lọ. Bí ajá tí ó ti ń mu abọ́ omi kan lóòjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì ń tọ̀ sí inú ilé tí kì í tọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ìwà burúkú kọ́. Kíndìnrín rẹ̀ lè ti ń rẹ̀ ẹ́, tàbí kí ó jẹ́ àtọ̀gbẹ, nítorí ajá náà ń ní in bí ènìyàn. Àṣìṣe tí ó burú jù lọ ni kí á gbé omi kúrò níwájú rẹ̀ kí ó má baà tọ̀ sílé. Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa tí a tún fi omi dù, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi kú.

Bí ajá náà bá jẹ́ abo tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, àmì kan náà yìí lè ní ìtumọ̀ mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó wá akọ, ilé ọmọ rẹ̀ lè kún fún ọyún. Yóò máa mu omi púpọ̀, yóò kọ oúnjẹ, ikùn rẹ̀ lè wú bí ẹni pé ó lóyún, omi tí ó ń rùn sì lè máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kò ní í sí ohun tí ó ń jáde rárá, ti èyí gan-an sì léwu jù. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sun ọjọ́ kejì sí ilé. Iṣẹ́ abẹ ni ó lè gbà á là. Kí á tún máa fi ọwọ́ yẹ ọmú rẹ̀ wò lóṣooṣù. Kókó kékeré tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì sàn kí á gé e nígbà tí ó kéré.

Eégbọn kì í fi ajá arúgbó sílẹ̀, nítorí kò lè yí ọrùn dáadáa mọ́ láti fi ehín yọ ọ́. Àrùn tí eégbọn ń kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ a máa mú ibà wá, a sì máa mú èrìgì funfun báláú. Ọwọ́ ni kí á fi máa yọ wọ́n lójoojúmọ́, kí á sì gba oògùn tí ó tọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí àwọn kan fi ń pa ajá lára, májèlé ni. Oògùn apakòkòrò oko burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tí a fi wẹ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òru. Àwọn ajá kan tí wọ́n ti gbó gan-an a máa rìn káàkiri nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, wọn a dúró sí igun ògiri bí ẹni tí ó gbàgbé ọ̀nà, wọn a sì gbó sí ibi tí kò sí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ a ní àǹjọ̀nú tàbí àjẹ́ ni wọ́n rí, a sì ti pa àwọn mìíràn nítorí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ajá náà ni ó ti rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti arúgbó ènìyàn tí ń béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí á jẹ́ kí ó rìn ní ọ̀sán kí ó lè sùn ní alẹ́, kí àkókò oúnjẹ rẹ̀ má yẹ̀, kí á sì fi iná kékeré sílẹ̀ sí ibi tí ó ń sùn. Kí á má ṣe lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó máa dá gbé. Ohùn àwọn ará ilé ni ó ń tù ú nínú, nítorí láàárín wọn ni ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyípadà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ka sí ti ogbó láé. Bí ajá bá yí padà lójijì, láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí ó ń bu ohun gbogbo jẹ, tàbí tí ó lọ sá pamọ́ sí òkùnkùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí, tí kò lè gbé nǹkan mì, dìgbòlugi ni kí á fura sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wò bóyá egungun ni ó há a. Kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí á sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Àwọn ènìyàn púpọ̀ a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ajá nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, wọn a ṣe é ní ọdún kejì, bóyá ní ọdún kẹta, wọn a sì dákẹ́. Nígbà tí ajá bá pé ọdún mẹ́wàá, wọn a ní kí ni ó kù tí à ń ná owó lé lórí. Lọ́dọọdún ni ó yẹ kí á gba abẹ́rẹ́ yìí, títí ajá yóò fi kú. Ẹni tí ó dá a dúró kò fi ajá nìkan wewu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé. Ẹnu ajá ni ó ti ń bá èyí tí ó tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti 1885, tí Louis Pasteur ọmọ ilẹ̀ Faransé ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ lè dá àrùn yìí dúró lára ẹni tí ajá bù jẹ. Àjẹsára tí a ń fún ajá kò jìnnà pẹ̀lú. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é.

Bí ajá èyíkéyìí bá bu ènìyàn jẹ, kí á fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí á má ṣe fi ata, epo, tàbí irun ajá tí a jó sí i. Kí á má sì ṣe sáré pa ajá náà kí á fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe oògùn. Bí ajá náà bá ní ẹni tí ó ni ín, tí ara rẹ̀ sì dá, kí á sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí dókítà lè máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá wà láàyè láìsí àìsàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí a bù jẹ má ṣe dúró de ọjọ́ mẹ́wàá náà kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Èyí kan ọ̀rọ̀ títà pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò àrùn dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí a pa fún jíjẹ. Ẹni tí ó ta ajá arúgbó tí kò gba abẹ́rẹ́ fún alápatà lè máa fi owó díẹ̀ ta ikú fún ẹni tí yóò pa á.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oògùn kò ní í ran ajá náà lọ́wọ́ mọ́. Bí kò bá lè dìde, tí kò jẹun, tí kò sì mọ ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó yẹ kí á gbọ́ ohun tí dókítà yóò sọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi sun oorun tí kò ní í jí nínú rẹ̀, láìjẹ ìrora. Kò yẹ kí á fi kùmọ̀ tàbí májèlé ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹran tí ó sìn wá. Kí á gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí á tó sin ín, kí àwọn ajá mìíràn má baà hú u.

Kí á mú ajá tí ó ti wọ ọjọ́ ogbó lọ fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ṣubú nìkan. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀ràn dìgbòlugi, ní ọ̀pọ̀ ìlú ni a sì ti ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò náà. Kí ẹni tí ó bá ń lọ fi okùn mú ajá rẹ̀, kí ó mú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, kí ó sì tètè jáde nílé kí oòrùn tó mú, nítorí ajá arúgbó kò lè dúró pẹ́ lórí ìlà.